Kí Ló Kan Ìtòkú Nínú Ọ̀rọ̀ Àgbáyé?

Bí aládìrẹ ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, bá fowó lé ọjà, oníbàárà á ní ojúkòkòrò ló ń dà á láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ àwa onímọ̀ àwùjọ ni láti tọpa owó náà kọjá ẹni tó dúró níwájú wa. Ta ló hun aṣọ funfun tó ń rẹ láró? Ibo ni kẹ́míkà inú aró ti wá? Òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ ní kí ọjà máa pinnu iye náírà. Náírà já wálẹ̀, owó aṣọ gbéra.

A ti ń hun aṣọ rẹpẹtẹ nílẹ̀ wa rí. UNTL, ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá ní Kàdúná, ti ilẹ̀kùn ní 2007: epo tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wọ́n, aṣọ fàyàwọ́ sì kún ọjà.

Immanuel Wallerstein, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí nílẹ̀ Áfíríkà, sọ pé ayé ní àárín, ìyẹn àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ó ní etí, ìyẹn àwọn ilẹ̀ tí kò lówó, èrè sì ń ṣàn láti etí lọ sí àárín. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tó. Àwọn tó wà létí náà ń gbé ìgbésẹ̀.

Ẹ wo Abẹ́òkúta wa níbí. Nígbà ogun Hitler, ìjọba amúnisìn ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà ní owó táṣẹ́rẹ́, kí wọ́n lè bọ́ ọmọ ogun. Owó orí tún wà lọ́rùn wọn. Ọmọdébìnrin ọdún 15 ń san án, ọkùnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì tíì ní san án. Olúkúlùkù ìbá ti gbé ẹ̀dùn rẹ̀ mì. Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìlú, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1947, nígbà tó bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba tí àwọn obìnrin náà ń fẹ̀hónú hàn sí nítorí owó orí, fi orí ìtẹ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, kó mú ọjà kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ ìrẹsì tàbí aṣọ. Kó kọ́kọ́ bi àwọn tó ń tà á nígbà tí owó rẹ̀ yí padà, kó tó lọ wo òfin àti àdéhùn tí ìjọba ṣe lásìkò náà.