Ẹja Ààyè gẹ́gẹ́ bí Ìjẹ fún Ẹja Pike ní Ìgbà Ìwọ́wé

Ìjẹ ẹja ààyè ni ẹja kékeré tí apẹja fi sẹ́nu ìwọ̀ láìpa á, kí ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja lè rí i bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, kó sì wá gbé e. Ní Yúróòpù, ẹja pike, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Esox lucius, ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀nà yìí mú. Ó wúlò fún zander (Sander lucioperca) àti perch (Perca fluviatilis) náà. Oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, ìyẹn ìgbà ìwọ́wé, ni ìjẹ yìí máa ń ṣiṣẹ́ jù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ England ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, ó sì mẹ́nu ba Rọ́ṣíà níbi tí tiwọn bá ti yàtọ̀.

## Ohun tí ìgbà ìwọ́wé ń ṣe fún omi

Nígbà ooru, omi òkè adágún tó jìn máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti ìsàlẹ̀ á sì tutù, àwọn méjèèjì kì í sì í pò mọ́ra. Nígbà tí òtútù bá ń dé, omi òkè náà á tutù, á wúwo, á sì rì, títí omi adágún náà á fi pò pọ̀ látòkè délẹ̀. Ọ́síjìn á wá dé ìsàlẹ̀ níbi tí kò ti tó tẹ́lẹ̀. Láàárín àsìkò kan náà, koríko inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á wó lulẹ̀. Àwọn ẹja kéékèèké tó ti ń fi koríko yìí ṣe ibùba kò ní ibi ìsápamọ́ mọ́, wọ́n á kó ara wọn jọ lọ síbi tó jìn, pike á sì tẹ̀ lé wọn. Pike ní láti sanra de òtútù, abo rẹ̀ sì ti ń kó ẹyin tó máa yé nígbà ìrúwé jọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹun dáadáa nígbà tí omi bá ń tutù díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí ìwọ̀n 14 sí 8 lórí Celsius. Bí òtútù bá já lójijì, tí omi sì tutù gan-an lóru ọjọ́ kan, ó lè má fẹnu kan nǹkan fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

## Òfin

Kí èèyàn tó ronú nípa ìwọ̀, òfin ibi tó wà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀, nítorí wọn kò dọ́gba rárá. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja tí Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó omi àti àyíká, ń fúnni. Wọ́n gba ìjẹ ẹja ààyè láyè níbẹ̀, àmọ́ inú omi tí wọ́n ti mú ẹja ìjẹ náà gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti lò ó. Ẹni tó ni adágún tàbí ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o náà lè sọ pé àwọn kò fẹ́ irú ìjẹ bẹ́ẹ̀. Ní Scotland, Ireland, Norway àti Netherlands, ó léèwọ̀ láti fi ẹja ààyè ṣe ìjẹ nínú omi tí kì í ṣe ti òkun. Ní Jámánì, òfin tó ń dáàbò bo ẹranko ni wọ́n fi ń mú ẹni tó bá ṣe é láìní ìdí pàtàkì. Níbi tí ó bá ti léèwọ̀, òkú ẹja bíi herring, mackerel tàbí smelt ni wọ́n ń lò.

Òfin pé kí ìjẹ má kúrò nínú omi tirẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Ní Loch Lomond, adágún kan ní Scotland, wọ́n rí ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ruffe lọ́dún 1982, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé àwọn tó wá fi í ṣe ìjẹ fún pike ló gbé e dé. Láìpẹ́, ó pọ̀ káàkiri, ó sì ń jẹ ẹyin powan, ẹja tí adágún díẹ̀ péré ní Scotland ní. Àrùn àti kòkòrò ara ẹja náà máa ń bá omi inú garawa rìn láti adágún kan dé òmíràn.

## Yíyan ẹja ìjẹ

Ẹja tó wà nínú omi yẹn gan-an ni pike ibẹ̀ mọ̀ sí oúnjẹ, nítorí náà ohun tí òfin ní kéèyàn ṣe náà ló ń pẹja. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó wà níbẹ̀, ẹja kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó máa ń fẹ́ lọ bí ìwọ̀ bá ti wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni yíyan ti bẹ̀rẹ̀.

Roach (Rutilus rutilus) ló wọ́pọ̀ jù. Ó ń dán bíi fàdákà, ó sì máa ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín méjì omi, àmọ́ ara rẹ̀ kò le: ìpẹ́ rẹ̀ máa ń tètè bọ́, bí wọ́n bá sì jù ú sómi lẹ́ẹ̀mẹrin márùn-ún, ó ti ń dojú kọ ikú. Rudd jọ ọ́, àmọ́ òkè ló máa ń fẹ́ gùn. Ó dára níbi tí koríko tó ti wó ṣì tẹ́ sílẹ̀, nítorí kì í rì wọ inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni gudgeon ń fẹ́, ó sì ń tọ̀ ọ́ láìsinmi. Òun ni wọ́n ń lò lórí yanrìn nínú odò tó ń ṣàn. Perch le, ó ń pẹ́ kó tó kú, àmọ́ lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ẹ̀gún tó ń gún ọwọ́. Bleak tín-ín-rín, ó sì ń tàn yanran. Zander fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nítorí ọ̀fun zander kò fẹ̀ tó ti pike. Ìṣòro bleak ni pé ó lè kú kó tó kúrò nínú garawa.

Ní Rọ́ṣíà, crucian carp àti gibel carp ni ọ̀pọ̀ ń gbára lé. Crucian lè wà láàyè nínú omi tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ́síjìn, nítorí ara rẹ̀ máa ń sọ ásíìdì tó ń kóra jọ sínú ẹran ara di ọtí, á sì tú u dà sínú omi láti ibi tó ń gbà mí. Síbẹ̀, bí omi bá ti tutù, ọ̀lẹ á mú un. Á dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ tàbí kó wọ inú koríko lọ fara pamọ́, apẹja á sì jókòó ti ìjẹ tí ẹja kankan kò rí. Nítorí náà, ó sàn lóṣù Kẹsàn-án ju ìparí oṣù Kọkànlá lọ.

Ní ti gígùn, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ló bá pike mu. Ẹni tó ń wá èyí tó tóbi gan-an lè lò tó 20. Zander fẹ́ 8 sí 12, perch sì fẹ́ 4 sí 7. Nígbà ìwọ́wé, ìjẹ tó tóbi díẹ̀ sàn, nítorí àwọn ọmọ ẹja tí wọ́n bí lọ́dún náà ti dàgbà, pike sì ń wá ohun tó máa yó o lẹ́ẹ̀kan. Ẹja tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ìwọ̀ kékeré, nọ́ńbà 16 sí 20 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni ìwọ̀ ń tóbi), tí wọ́n fi ìdin sẹ́nu rẹ̀, máa ń le ju èyí tí wọ́n fi àwọ̀n wọ́ jáde lọ. Èyí tí ìpẹ́ rẹ̀ ti bọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n tàbí tó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò yẹ ní fífi sẹ́nu ìwọ̀.

## Bí ìjẹ kò ṣe ní kú sínú garawa

Ohun méjì ló ń pa ìjẹ: àìtó ọ́síjìn àti ìyípadà òjijì nínú bí omi ṣe tutù tó. Garawa tó gba lítà 20 tó fún ẹja mẹ́wàá tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, bí ẹ̀rọ kékeré oní-bátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi bá ń ṣiṣẹ́. Láìsí ẹ̀rọ náà, márùn-ún ti tó. Omi adágún yẹn gan-an ni kí wọ́n bù sí i. Omi ẹ̀rọ ní klorínì tó ń ba ibi tí ẹja ń gbà mí jẹ́. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ omi, ìdá mẹ́ta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti tó. Wọn kò gbọ́dọ̀ fún ìjẹ lóúnjẹ, nítorí ìgbẹ́ rẹ̀ ló máa ba omi jẹ́. Àwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bù ú. Bí ọwọ́ bá máa kàn án, kí ọwọ́ náà tutù kó sì rin, torí ọwọ́ gbígbẹ máa ń ká ohun tó ń yọ̀ lára ẹja kúrò, òun ló sì ń dáàbò bo awọ rẹ̀.

## Okùn àti ìwọ̀

Eyín pike ń gé okùn ọ̀rá bí abẹ. Wáyà ló gbọ́dọ̀ wà níwájú ìwọ̀, kó má sì dín ní sẹ̀ǹtímítà 50, torí bí pike bá yí padà, ibi tó ga ju ìwọ̀ lọ ni eyín rẹ̀ ń bá. Wáyà tó rọ̀, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ fọ́nrán lọ́ pọ̀, tó sì lè gbé kìlógíráàmù 12 sí 14 dára. Ibi tí wáyà bá ti ká kókó lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ló máa ti já. Kí wọ́n jù ú nù, kí wọ́n má nà án lò mọ́. Swivel, irin kékeré tó ń yí kí okùn má bàa lọ́, ló so wáyà mọ́ okùn gbogboogbò, ìyẹn okùn gígùn tó wá láti ara ọ̀pá. Okùn ọ̀rá tó nípọn tó mìlímítà 0.35 tó fún iṣẹ́ yìí.

Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, nọ́ńbà 6 fún ìjẹ kékeré, nọ́ńbà 4 fún èyí tó ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ni wọ́n sábà ń lò. Ọ̀pọ̀ ń fi pláyà tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́nu ìwọ̀ méjì, wọ́n á fi ti ẹyọ kan tó di ìjẹ mú sílẹ̀. Èyí ń mú kí ìwọ̀ rọrùn láti yọ lẹ́nu pike.

Láti ọdún 1987 ni òjé tó wúwo ju gíráàmù 0.06 lọ tí kò sì tó 28.35 ti léèwọ̀ fún apẹja ní Britain, nítorí àwọn ẹyẹ swan ń gbé e mì, ó sì ń pa wọ́n. Tungsten tàbí táńganran ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

## Ibi tí ìwọ̀ ń gbà wọlé

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ tàbí tó ti ń dára. Ìjẹ gbọ́dọ̀ lè mí, kó sì lè lúwẹ̀ẹ́ bó ṣe ń ṣe kó tó bọ́ sọ́wọ́ apẹja.

Ní omi tó dúró, tí ìjẹ ń rọ̀ sábẹ́ kọ́ọ̀kì (ohun tó ń léfòó lórí omi, tó ń fi hàn bí ẹja bá ti gbé ìjẹ), abẹ́ lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń ki ìwọ̀ sí. Ẹran díẹ̀ tó wà lókè egungun ẹ̀yìn nìkan ni ìwọ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá kan egungun náà, ìrù ẹja á rọ, kò ní lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti kú. Bí ìwọ̀ bá sì kọjá sẹ́yìn jù, orí ẹja á tẹ̀ sísàlẹ̀.

Nínú odò tó ń ṣàn, ètè ni. Ìwọ̀ á gba ètè ìsàlẹ̀ jáde ní ètè òkè, tàbí kó gba ihò imú. Bí omi bá ń fà á, ìjẹ á kọjú sí i, omi á gba ẹnu wọlé, kò sì ní rì. Ìwọ̀ tó bá wà lẹ́yìn ìjẹ nínú odò bẹ́ẹ̀ ń fà á lọ ní ìbú, á máa yí bí òkòtó, okùn á sì lọ́ títí dé orí ọ̀pá.

Fún ìjẹ tó tóbi, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì ni wọ́n ń lò. Ètò yìí ni wọ́n fi orúkọ Alfred Jardine pè, apẹja pike ọmọ England kan tó gbáyé ní ọ̀rúndún 19. Ti òkè ń wọ ìdí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn, ti ìsàlẹ̀ ń wọ ìdí lẹ́bẹ́ àyà, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 ló wà láàárín wọn. Wáyà àárín wọn kò gbọ́dọ̀ fà gan-an. Bó bá fà, ìjẹ á tẹ̀ kọrọdọ. Ní Rọ́ṣíà, àwọn mìíràn ń ki wáyà gba ihò tí ẹja ń gbà mí jáde lẹ́nu, kí wọ́n tó so ìwọ̀ mọ́ ọn. Ìjẹ kì í bọ́ lọ́nà yìí, àmọ́ bí wáyà bá fi ara kan ẹran pupa inú ihò náà, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ, ìjẹ kò sì ní pẹ́.

Ìjẹ máa ń já bọ́ lẹ́nu ìwọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jù ú. Ohun tó ń dá a dúró kò ju rọ́bà kékeré kan lọ: wọ́n á gé túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gùn ní mìlímítà 4 sí 5 níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á sì tẹ ọ̀kan sẹ́nu ìwọ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba ara ìjẹ jáde. Rọ́bà náà á dúró lẹ́yìn ẹ̀gún, ìjẹ kò ní lè padà sẹ́yìn. Kí wọ́n sì rọra fi ọ̀pá fì í láti ìsàlẹ̀ dípò kí wọ́n fi agbára nà án látòkè orí.

## Bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀

Kọ́ọ̀kì tó lè gbé gíráàmù 15 sí 25 ń yọ̀ lórí okùn. Kókó kékeré kan àti ìlẹ̀kẹ̀ kan lókè rẹ̀ ló ń pinnu bí ìjẹ ṣe máa jìn tó. Nígbà ìwọ́wé, kí ìjẹ wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50 sókè ìsàlẹ̀ omi, tàbí lókè koríko tó wó. Kọ́ọ̀kì tó tóbi jù ń ta ko pike nígbà tó bá ń fa ìjẹ lọ, pike á sì tú u dà. Èyí tó kéré jù ni ìjẹ á máa rì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí apẹja á máa rò pé pike ti dé.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé kọ́ọ̀kì kúrò níbi tó yẹ, òjé gíráàmù 40 sí 60 ní ìsàlẹ̀ ló ń mú un dúró. Okùn tó so òjé yìí kò gbọ́dọ̀ lágbára tó okùn gbogboogbò, kó lè jẹ́ òun ló máa já bí òjé bá há sínú òkúta, kí pike má bàa máa wọ́ ọ káàkiri.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ní kruzhok, àwo pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15, tí ojú rẹ̀ kan funfun, tí èkejì sì pupa. Okùn tó gùn tó mítà 10 sí 15 ni wọ́n ká sí etí rẹ̀. Wọ́n á tú u sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ máa gbé e lọ. Bí pike bá gbé ìjẹ, àwo á dojú dé, ẹni tó wà lókèèrè á rí i pé àwọ̀ ti yí.

Kí wọ́n máa yẹ ìjẹ wò ní bíi ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

## Nígbà tí pike bá gbé ìjẹ

Pike máa ń gbá ìjẹ mú ní ìbú, á wá yí i padà kó lè gbé e mì láti orí. Àwọn àgbà apẹja ayé àtijọ́ máa ń dúró títí ó fi gbé e mì tán, ìwọ̀ á sì wọ inú rẹ̀ lọ, pike á kú. Pẹ̀lú ìwọ̀ méjì, ìdúró kò pọn dandan. Bí kọ́ọ̀kì bá ti wọlé, tó sì ń lọ, kí wọ́n ká okùn tó tú, kí wọ́n sì fa ọ̀pá láìdúró. Bí ìjẹ bá padà wá pẹ̀lú àmì eyín lára, tí pike kò sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwọ̀ kéré sí ìjẹ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹja ni kí pláyà ẹlẹ́nu gígùn, tó tó sẹ̀ǹtímítà 25 ó kéré tán, wà, pẹ̀lú èyí tó lè gé irin ìwọ̀, àti ẹní rírọ̀ tí wọ́n ti bu omi sí. Wọ́n á tẹ́ pike sórí ẹní, wọ́n á ki ìka sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ láìkan ẹran pupa ibi tó ń gbà mí, ẹnu rẹ̀ á là fúnra rẹ̀. Bí ìwọ̀ bá ti wọ ọ̀fun, ó rọrùn láti yí i padà láti ihò ìmí ju láti ẹnu lọ. Bí kò bá yọ, kí wọ́n gé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé pike padà sínú omi, wọ́n á dì í mú pẹ̀lú ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀ títí ìrù rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í nà, tó sì fúnra rẹ̀ já kúrò lọ́wọ́ wọn.