Àgbàrá Inú Aṣálẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kó Kọ́kọ́ Yé Ẹni Tó Ń Lọ sí Petra

Ní oṣù kẹrin ọdún 1963, àwọn àlejò láti ilẹ̀ Faransé tó lé ní 20 kú ní Petra, nínú aṣálẹ̀ orílẹ̀-èdè Jọ́dánì. Òùngbẹ kọ́ ló pa wọ́n. Omi ló gbé wọn. Òjò rọ̀ sórí òkè, àgbàrá sì ká wọn mọ́ inú Siq, ìyẹn ọ̀nà tóóró tó la àárín àpáta wọ ìlú àtijọ́ náà. Ọ̀nà yìí gùn ju kìlómítà kan lọ, ògiri àpáta tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ ga tó mítà 80 níbòmíràn, ibi tó há jù níbẹ̀ kò sì fẹ̀ ju bíi mítà mẹ́ta lọ. Bí omi bá bá èèyàn níbẹ̀, kò síbi tó lè yà sí.

Títí dòní, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá ń palẹ̀ mọ́ fún ìrìn-àjò yìí ni pé kó ra omi inú ike dání, kó má gbàgbé fìlà, kó fi ìpara pa ojú nítorí oòrùn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó, pé aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ tí kò lómi. Aṣálẹ̀ lómi. Kì í kàn ń wá díẹ̀díẹ̀ ni. Ó máa ń ya dé lẹ́ẹ̀kan, á sì lọ.

Ilẹ̀ tó ní koríko àti gbòǹgbò igi máa ń fa omi òjò mu. Àpáta kì í mu ún, ńṣe ló ń dà á kúrò lórí bí paánù. Ẹni tó bá sì dàgbà sí ilé onípaánù mọ bí eré yìí ṣe ń lọ. Bí òjò bá ti ṣú, kò sẹ́ni tó ń gbé àgbá sí àárín àgbàlá. Abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, nítorí pé òrùlé ti bá wọn kó omi jọ sójú kan. Omi àkọ́kọ́ kò ṣeé mu: eruku ọyẹ́, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló kún inú rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó ṣàn lọ ná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìyá ilé á pariwo pé kí wọ́n kó bàsíà, kẹ́ẹ̀gì àti ìkòkò jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá kún tán tí òjò ò dá, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn: omi tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì láàárọ̀ ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lálẹ́. Ẹnì kan á gbé ọkọ́, á la ojú àgbàrá gba ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi inú àgbá á ti tòrò, pàǹtí á ti rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á wá máa fi igbá rọra bu ti òkè kó má baà dàrú.

Petra kò ju èyí lọ. Òrùlé tiwọn ni àwọn òkè tó yí ìlú ká, Siq ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ń mu nínú àgbá kan náà.

Àwọn Nabatéà tó kọ́ ìlú náà jẹ́ ẹ̀yà Lárúbáwá tó ń fi ràkúnmí kó tùràrí àti òjíá láti gúúsù ilẹ̀ Lárúbáwá lọ sí etí òkun Mẹditaréníà. Kí wọ́n tó ní ìlú rárá ni wọ́n ti gbọ́n nídìí omi. Diodorus ará Sísílì, tó fi èdè Gíríìkì kọ ìtàn, sọ pé wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò sínú aṣálẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ á kéré, tí inú rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i bó ti ń lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á rẹ́ inú rẹ̀, omi òjò á kún un, wọ́n á wá dé e pa, wọ́n á fi àmì tí àwọn nìkan mọ̀ sí i. Bí ogun bá dé, aṣálẹ̀ ni wọ́n ń sá wọ̀. Ọ̀tá tó bá lé wọn débẹ̀ á máa gba orí omi kọjá, òùngbẹ á sì máa pa á. Ní ọdún 312 ṣáájú ìbí Kristi, Antigonus, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Alexander Ńlá, ọba Makedóníà, rán ọmọ ogun sí wọn. Wọn ò rí wọn ṣẹ́gun.

Nígbà tí wọ́n wá fìdí kalẹ̀ sí Petra, kòtò ìkọ̀kọ̀ kò tó ìlú mu mọ́. Wọ́n fa omi láti ìsun, pàápàá Ain Musa tó wà lókè, ní ibi tí ìlú Wadi Musa wà lónìí. Nínú Siq fúnra rẹ̀, wọ́n gbẹ́ gọ́tà sára àpáta ní ìhà kan. Ní ìhà kejì, wọ́n to páìpù amọ̀ tí ẹnu ọ̀kan ń wọnú ìdí èkejì. Àwọn àlejò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì láìbojú wò wọ́n, nítorí pé ohun tó wà níwájú ni ojú gbogbo wọn ń wá. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó wà lára páìpù yẹn kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá da páìpù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, omi á sáré, á máa ti oríkèé páìpù títí yóò fi ya. Bí wọ́n bá sì tẹ́ ẹ jù, iyanrìn á jókòó sínú rẹ̀, á dí i. Díẹ̀ báyìí ni wọ́n dà á, kó máa rọra ṣàn láìkún ẹnu. Wọ́n sì gbẹ́ agbada kéékèèké sójú ọ̀nà, kí omi lè sinmi níbẹ̀, kí iyanrìn rọ̀ sílẹ̀, kí ohun tó ń tẹ̀ síwájú jẹ́ omi tó tòrò.

Omi mímu nìyẹn. Ti àgbàrá yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wọn sì pọ̀ sí. Òkè kan náà ni omi méjèèjì ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà kan náà. Ní ẹnu Siq, wọ́n mọ dáàmù dí ojú ọ̀nà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàmù, wọ́n gbẹ́ ihò la inú àpáta já, ó gùn tó nǹkan bíi mítà 88, kí àgbàrá àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Wadi Musa lè yà síbẹ̀, kó gba àfonífojì mìíràn yí ẹ̀yìn òkè ká. Páìpù gba ojúlé wọlé, àgbàrá gba ẹ̀yìnkùlé. Àwọn àgbà tó ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un, àfi bíi pé wọ́n ti dúró sí ẹnu Siq wò ó rí.

Àléébù ètò yìí ni pé kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa kó yẹ̀pẹ̀ kúrò nínú ihò, tí yóò máa fọ agbada, tí yóò máa wo oríkèé páìpù wò. Ìjọba Róòmù gba Petra ní ọdún 106, òwò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn, ilẹ̀ mì tìtì ní 363 ó sì wó púpọ̀ nínú ìlú náà. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń kó yẹ̀pẹ̀ mọ́. Dáàmù wó, ihò dí. Bí onílé kò bá sí nílé, ta ni kò ní gbà? Nígbà tí àwọn ará Faransé yẹn fi máa wọ Siq ní 1963, ọ̀nà tí wọ́n lé àgbàrá kúrò lórí rẹ̀ ní bíi ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn ti padà di tirẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn ni ìjọba Jọ́dánì tún dáàmù mọ, síbi tí àwọn Nabatéà mọ ọ́ sí gan-an. 

Nítorí náà, kàlẹ́ńdà ìrìn-àjò Petra, omi ló yẹ kó kọ́kọ́ dá sí i. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún àti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni wọ́n máa ń sọ pé ó dára jù, nítorí pé oòrùn kò mú púpọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù kẹwàá sí ìkẹrin ni òjò ibẹ̀ máa ń rọ̀, èyí tó fi hàn pé ìgbà tó tura jù àti ìgbà àgbàrá ń wọnú ara wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, omi tún ya wọ Petra, wọ́n sì ní láti sáré kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò jáde. Kì í ṣe pé kí èèyàn sá fún oṣù wọ̀nyẹn. Kó má ṣe wo ojú ọ̀run tó wà lókè orí rẹ̀ nìkan ni. Òjò tó rọ̀ sórí òkè tí kò tilẹ̀ rí lè dé bá a níbi tí oòrùn ti ń ràn. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ní kí wọ́n jáde, kò sí fọ́tò tó tó dúró yà. Kó sì má ṣe fún Petra ní ọjọ́ kan péré, nítorí pé bí wọ́n bá ti ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, gbogbo owó bàálù ti wọmi.

Wadi Musa tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wà ga ju mítà 1,000 lọ sí ìtẹ́jú òkun. Ẹni tó bá di kìkì aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ síbẹ̀ ní oṣù kìíní nítorí pé ó gbọ́ “aṣálẹ̀”, otútù á kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ní ti ìwé àṣẹ, ní ọdún 1812, ewúrẹ́ kan ni físà Burckhardt, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó mú ìròyìn Petra dé Yúróòpù. Ó múra bíi Mùsùlùmí, ó pe ara rẹ̀ ní Ibrahim, ó ní òun jẹ́jẹ̀ẹ́ láti pa ewúrẹ́ níbi ibojì Ànábì Hárúnà tó wà lórí òkè tó kọjú sí ìlú náà. Ọgbọ́n tó dá nìyẹn kó lè gba àárín Petra kọjá débẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń gba físà ní pápákọ̀ òfurufú Amman, olú-ìlú Jọ́dánì, ṣùgbọ́n páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò sí lára wọn: àṣẹ gbọ́dọ̀ ti jáde kí onítọ̀hún tó wọkọ̀.

Ètò owó wọn náà yẹ ní wíwò. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan jẹ́ dínárì 50 fún àlejò tó sun Jọ́dánì, 55 fún ọjọ́ méjì, 60 fún mẹ́ta. Ẹni tó bá wá láàárọ̀ tó ń padà kọjá ààlà lálẹ́ ń san 90. Ó lè kọ́kọ́ jọ ìrẹ́jẹ. Àmọ́ àwọn àlejò ọlọ́jọ́-kan yìí, àgbàrá làwọn náà: bọ́ọ̀sì á já wọn sílẹ̀, wọ́n á ya wọ Siq, wọ́n á ya fọ́tò iwájú Ilé Ìṣúra, ìyẹn ilé ńlá tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ní òpin Siq, oòrùn ò ní tíì wọ̀ tí wọ́n á fi lọ, kò sì sí ohun tó rin sílẹ̀ nínú wọn fún ará Wadi Musa. Iye owó yẹn, dáàmù ni. Ó ń mú kí wọ́n rọra ṣàn, kí wọ́n sùn, kí wọ́n jẹun, kí ilẹ̀ rí díẹ̀ mu.

Ilé Ìṣúra fúnra rẹ̀ kò ní ìṣúra. Ibojì ni wọ́n gbà pé ó jẹ́, ìkòkò ńlá orí rẹ̀ sì jẹ́ òkúta gbankọgbì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọta ìbọn àwọn tó rò pé wúrà wà nínú rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ìṣúra tí ìlú náà ní wà ní ẹnu ọ̀nà Wadi Musa, nínú ilé kékeré kan tó ní òrùlé rìbìtì mẹ́ta. Ain Musa nìyẹn. Ẹni tó bá lọ ilé kéú á ti gbọ́ nípa àpáta tí Ànábì Músá fi ọ̀pá lù tí omi fi jáde. Àwọn ará ibẹ̀ ní òun nìyí. Omi rẹ̀ ò tíì gbẹ, àwọn ará àdúgbò sì ṣì ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá pọn ọ́n.