Ìléru Almadén: Ògógóró Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Mu

Àwọn kan rò pé ńṣe ni wọ́n ń fi korobá fa mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, jáde nínú ilẹ̀ ní Almadén, ìlú kékeré kan ní agbègbè Ciudad Real ní Spéìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ó máa ń kán tótó lára àpáta níbòmíràn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni. Òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní sínábà ni wọ́n máa ń wà níbẹ̀ nígbà náà, mẹ́kúrì àti imí-ọjọ́ tó so mọ́ra wọn. Òun ni àwọn ará Róòmù fi ń ṣe ọ̀dà. Àwọn Lárúbáwá ló fún ìlú náà lórúkọ: ibi ìwakùsà ni Almadén.

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń pọn ògógóró ti mọ ìdajì bí òkúta ṣe ń di ohun tó ń ṣàn. Iná á jó lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù ẹmu, oru á gba páìpù, páìpù á la omi tútù kọjá, ọtí á máa kán sínú ìgò. Ní Almadén, òkúta ni ẹmu. Bí iná bá ti mú un, imí-ọjọ́ á bá èéfín lọ, mẹ́kúrì á di oru.

Páìpù yẹn gan-an ni ọgbọ́n wà. Amọ̀ ni: ìkòkò kéékèèké tó yọ ikùn, tí kò nídìí, tí ẹnu ọ̀kan wọnú èkejì. Aludel ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tò wọ́n ní ìlà-ìlà sórí pèpéle tó dagun wá sí àárín, tó sì tún gòkè lọ sí òdì kejì. Kò sí omi tútù níbẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ìta ló ń mú wọn tutù. Oru mẹ́kúrì tó bá ti tutù di olómi á gba ihò abẹ́ ìkòkò jò sínú gọ́tà, á sì ṣàn lọ sí àárín fúnra rẹ̀. Èéfín á máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹwìrì, kò sẹ́ni tó ń pọnmi.

Ohun tó ń bíni nínú ni pé ìléru Bustamante ni wọ́n ń pè é. Juan Alonso de Bustamante kàn gbé e wá sí Almadén ní 1646 ni. Lope de Saavedra Barba, oníṣègùn kan ní Huancavelica ní Peru, ló ṣe é ní 1633. Aláàárù ló wá gba orúkọ mọ́ alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́.

Ìkánjú fàdákà ló fà á. Ní Mẹ́síkò àti Potosí ní Bòlífíà, mẹ́kúrì ni wọ́n ń pò mọ́ òkúta lílọ̀ kó lè gbá fàdákà inú rẹ̀ mú. Bí mẹ́kúrì bá wọ́n, owó ọba Spéìn dúró.

Àléébù ìléru náà wà ní oríkèé. Amọ̀ tó ń gbóná, tó tún ń tutù, kò lè ṣàì là. Bí ògógóró bá ń jò, imú á sọ fún ọlọ́tí. Oru mẹ́kúrì kò ní òórùn. Ó kàn ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín á máa mì. Abájọ tí wọ́n fi ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ síbẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ láti ọgbà ẹ̀wọ̀n wọnú kòtò.

Ní ọ̀rúndún 18 ni wọ́n kọ́ ilé-ìwòsàn San Rafael fún àwọn awakùsà, pẹ̀lú pápá ìjà màlúù onígun mẹ́fà tí ilé gbígbé yí ká. Owó tó ń wọlé láti pápá yẹn ni wọ́n fi ń ṣètìlẹ́yìn fún ilé-ìwòsàn náà. UNESCO fi Almadén sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2012, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iṣẹ́ ìwakùsà tì. Pápá náà ṣì wà, ìléru náà ṣì wà.