Kòkòrò kọ́ ló ń jẹ ẹni tó ní jẹjẹrẹ

Orúkọ àìsàn yìí gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà. Jẹjẹrẹ: bó ṣe dún létí, àfi bíi pé nǹkan kan wọ inú èèyàn, tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá kan ládùúgbò wa mu àgbo tó ń pa kòkòrò fún oṣù mẹ́ta gbáko, ikùn rẹ̀ lápá òsì sì ń le sí i. Ọlọ inú ló wú. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é, irú tí àwọn dókítà ń pè ní CML.

Nǹkan kan ò wọlé láti ìta. Sẹ́ẹ̀lì ara màmá fúnra wọn, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara, ló ń pọ̀ láìdúró.

Sẹ́ẹ̀lì kì í sì í ṣàdéédéé pọ̀. Ara ló ń rán kẹ́míkà níṣẹ́ sí i. Pùròtéènì (òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì) tó wà lẹ́nu ọ̀nà á gba iṣẹ́ náà, á ta èyí tó wà nínú lólobó. Ìyẹn á lẹ fọ́sífeéètì, kẹ́míkà kékeré kan tó dà bí àmì, mọ́ òmíràn lára, òmíràn náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀, títí iṣẹ́ á fi dé ibi tí DNA, àkọsílẹ̀ ìtọ́ni sẹ́ẹ̀lì, wà. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti ṣí jíìnì (abala kan nínú àkọsílẹ̀ náà) tó yẹ, wọ́n á ṣe àdàkọ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì rí ohun tó máa fi pín sí méjì. Lẹ́yìn náà, pùròtéènì mìíràn á yọ fọ́sífeéètì yẹn kúrò, ó parí. Yíyọ yẹn ni mo kà sí jù, torí òun ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀hún di àjẹ́ìjẹ́tán.

Nínú CML, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú mùdùnmúdùn eegun ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: kúrómósómù 9 àti 22, méjì lára àwọn okùn tí DNA wé mọ́, á já, wọ́n á pààrọ̀ ègé. (Kì í ṣe àjogúnbá, ẹ má fẹ̀sùn kan ìdílé ẹnikẹ́ni.) Pàṣípààrọ̀ yìí máa ń sọ 22 di kékeré. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Nowell àti Hungerford rí 22 tó kéré yẹn ní Philadelphia lọ́dún 1960, akẹgbẹ́ wọn Janet Rowley ló fi hàn lọ́dún 1973 pé pàṣípààrọ̀ ni. Jíìnì méjì tó lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ló ń ṣe pùròtéènì BCR-ABL, ìránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán, tó ń jíṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Òótọ́ ni pé fáírọ́ọ̀sì HPV wà nídìí jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì obìnrin náà ló ń pọ̀ lápọ̀jù, fáírọ́ọ̀sì ò jẹ ẹ́.

Imatinib, oògùn CML tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2001, kì í pa kòkòrò kankan. Ṣe ló ń há sí ihò tí BCR-ABL ti ń gba agbára, ìránṣẹ́ á dákẹ́. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn CML ní Nàìjíríà ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó.

Ikùn màmá ti rọ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ṣé kòkòrò náà á tún bá ìgbẹ́ jáde ni, àbí ó ti kú sínú?