Àwọn Obìnrin Inú Ìṣẹ́ Paraku àti Ọ̀nà Ìpawó ní Òṣogbo

Ìṣẹ́ paraku ni ipò tí ohun tó ń wọlé fún ènìyàn kò ti tó láti fi jẹun, wọṣọ, kí ó sì ríbi sùn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, dọ́là 3 lójúmọ́ ni Báǹkì Àgbáyé fi ṣe ààlà rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo iye tí ọjà jẹ́ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, dọ́là 2.15 ni ààlà náà tẹ́lẹ̀. Owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń wọn ìṣẹ́. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 2022, tó wo ìlera, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti ìgbé ayé inú ilé pọ̀, ka mílíọ̀nù 133 ènìyàn mọ́ tálákà, èyí tó jẹ́ 63 nínú 100.

Ní Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 1991, obìnrin tó wà ní ipò yìí kì í sábà jókòó lásán. Ó lè jẹ́ alábàárù ní Ọjà Ọba, ó lè máa pa èkùrọ́ fún ẹlòmíràn, ó sì lè pàtẹ ata síwájú ilé. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú owó ni kì í dúró. Bí àpẹẹrẹ, aláta tó fi ₦6,000 ra ọjà láàárọ̀, tó sì pa ₦7,500 nírọ̀lẹ́, ti jèrè ₦1,500. Bí ibà bá mú ọmọ rẹ̀ lóru, inú ₦7,500 yẹn náà ni owó oògùn yóò ti jáde, nítorí kò sí òmíràn. Lọ́jọ́ kejì, ata ₦3,000 ló lè rà, èrè rẹ̀ a sì dín kù bẹ́ẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní jíjẹ ojú owó.

Òwò tí àwọn obìnrin ìlú náà fi lókìkí jù ni aró, tí oríkì ìlú fi ń sọ pé “aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun.” Ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kí aṣọ tó wọ̀ ọ́. Ọwọ́ ìyá ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ọ. Aró òyìnbó àti aṣọ ilé-iṣẹ́ dín ọjà wọn kù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parẹ́: ibùdó ọnà tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ti kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ní àdìrẹ láìgba owó lọ́wọ́ wọn.

Àjọ ni ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gba ojú owó lọ́wọ́ ìnáwó ilé. Alájọ a máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, a sì máa sàmì sí káàdì. Ẹni tó bá dá ₦500 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò kó ₦14,500, nítorí pé owó ọjọ́ kan ni ti alájọ. Ó lè ya àjèjì lẹ́nu pé olówó ló ń sanwó kí wọ́n tó bá a pa owó rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ alájọ kò ṣeé yá fún ẹbí lálẹ́.

Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, tí àwọn ará ọjà fi ṣẹ̀fẹ̀ sọ ní gbọ́mú-lé-láńtà, kì í béèrè ilé tàbí ilẹ̀ fún ìdúró. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dúró fún ara wọn. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń san án, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Ìwádìí mẹ́fà tó jáde pọ̀ ní 2015, láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, rí i pé irú owó bẹ́ẹ̀ ń ran òwò lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sábà yọ ìdílé kúrò nínú ìṣẹ́.

Ètò mìíràn, tí BRAC, ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní Bangladesh ní 2002, kì í yáni lówó. Ewúrẹ́, adìyẹ tàbí ọjà títà ni wọ́n ń fún obìnrin, pẹ̀lú ẹ̀kọ́, ìfowópamọ́ àti ìbẹ̀wò fún nǹkan bí ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Gánà wà lára wọn, èrè rẹ̀ ṣì hàn ní ọdún kan lẹ́yìn tí ètò náà parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n a tún máa fi owó oúnjẹ díẹ̀ kún un, kí ebi má baà mú obìnrin náà ta ewúrẹ́ rẹ̀.