Ìdí tí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń dúdú

Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń ki áyọ́ọ̀nù bọ̀. Bí ihò rẹ̀ kan bá ti dúdú, tí ike etí rẹ̀ sì ti ń yọ́, ẹ má dá àwọn oníná lẹ́bi. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni ooru ti ń wá.

Áḿpù la fi ń wọn iná tó ń ṣàn nínú wáyà. Fóòtì ni ti agbára tó ń tì í. 230 ló yẹ kó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ní Nàìjíríà. Ohm ni ti ìdènà tó ń bá pàdé, orúkọ Georg Ohm, ọmọ Jámánì tó tẹ òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1827. Òfin náà ò le: ẹ fi ohm pín fóòtì, áḿpù lẹ máa rí. Áyọ́ọ̀nù tó ní ohm 46 á fa áḿpù 5.

Áḿpù 5 yìí ò dín, kò lé, látorí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì dé inú áyọ́ọ̀nù. Kí ló wá dé tí áyọ́ọ̀nù ń jó aṣọ, tí wáyà rẹ̀ ò gbóná? Ibi tí ìdènà bá pọ̀ sí ni ooru ń pọ̀ sí. Mítà kan wáyà kọ́pà 1.5 (ìwọ̀n bó ṣe nípọn tó nìyẹn) ò ju nǹkan bí ohm 0.012 lọ, bẹ́ẹ̀ 46 ni ti áyọ́ọ̀nù.

Ṣùgbọ́n bí irin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti dẹ̀, tí kò di ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mú dáadáa mọ́, ìdènà á jókòó síbẹ̀. Ká ní ohm 1 péré ni: áḿpù 5 lọ́nà 5, lọ́nà ohm 1 yẹn, wáàtì 25 nìyẹn (wáàtì la fi ń wọn bí ooru ṣe ń jáde tó). Irú wáàtì yẹn ni àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé! Bó bá wá jẹ́ kẹ́tùrù tó ń fa áḿpù 10, ó di 100.

Àwọn kan á ní fíúsì á já. Irọ́ ni o. Áḿpù ò pọ̀ sí i. Ó tún dín díẹ̀ ni, torí ìdènà lé. Fíúsì áḿpù 13 ò ní mọ nǹkan kan títí ike á fi máa rùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ aṣọ tán, ẹ pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ rọra fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń jóni lọ́wọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ti kú. Ẹ má ki bébà sí i kó lè le. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì mú púlọ́ọ̀gì dání lọ sọ́jà: èyí tó bá yọ wọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.