Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ERRORLEVEL, nọ́ńbà tí ètò ń fi sílẹ̀ bó bá ń lọ

Ní 1981 tí MS-DOS, ètò Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́ jáde, fáìlì batch, ìyẹn fáìlì tí a kọ àṣẹ sí fún kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ ju kó to àṣẹ tẹ̀ léra lọ. Bí ètò kan bá dákú lágbedeméjì, èyí tó tẹ̀lé e á kàn gba iṣẹ́ lọ ni. MS-DOS 2.0, ní 1983, ló kọ́ ètò láti jíṣẹ́: bó bá ti ń parí, á fi nọ́ńbà kan sílẹ̀. Báìtì kan péré ni wọ́n yà fún un, ìyẹn 0 dé 255. 0 ni àlàáfíà. Ìyókù dọwọ́ ẹni tó kọ ètò náà.

IF ERRORLEVEL ni fáìlì batch fi ń ka nọ́ńbà ọ̀hún, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. IF ERRORLEVEL 1 kì í béèrè pé “ṣé 1 ni?”, “ṣé ó tó 1?” ló ń béèrè. 5 á wọlé, 200 náà á wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ya 2 sọ́tọ̀ kúrò lára 1 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ 2 wò.

Windows NT sọ nọ́ńbà yìí di bíìtì 32 ní 1993, nọ́ńbà sì lè lọ sísàlẹ̀ òfo. Ètò tó bá fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ nínú mẹ́mórì a máa kú pẹ̀lú -1073741819. Èyí kò tó 1, IF ERRORLEVEL 1 á sì jẹ́ kó kọjá bí ẹni rere. Ní NT 4.0, ní 1996, %ERRORLEVEL% dé, orúkọ tí cmd.exe (ètò tó ń ka fáìlì batch ní Windows) ń fi nọ́ńbà ọ̀hún rọ́pò, tí a lè fi NEQ 0 (“ṣé kì í ṣe 0?”) yẹ̀ wò.

Àmọ́ ti tuntun kọ́ ló ń borí níbi gbogbo. Ká ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, ń fi robocopy, ètò Windows tó ń ṣẹ̀dà fáìlì, kó pósítà ọdún Ọ̀ṣun sórí flash lálaalẹ́. Robocopy kì í tẹ̀lé àṣà: 0 ni pé kò sóhun tuntun láti kó, 1 ni pé ó ti kó o, 8 sókè nìkan ni àṣìṣe. NEQ 0 á máa pariwo lálẹ́ tí iṣẹ́ lọ geere, á sì dákẹ́ lálẹ́ tí kò sí pósítà tuntun kankan. IF ERRORLEVEL 8 ti ayé àtijọ́ ló bá a mu wẹ́kú.

Ó tún láǹfààní kejì. Bí a bá kó ìlà àṣẹ sínú àkámọ́ ( ), cmd.exe ti máa ń fi iye rọ́pò %ERRORLEVEL% kí ìlà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ tó ṣiṣẹ́, nọ́ńbà tó ti wà tẹ́lẹ̀ lẹ ó kà. IF ERRORLEVEL kò ní àrùn yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ti tuntun dandan, kó kọ SETLOCAL ENABLEDELAYEDEXPANSION sókè, kó sì lo !ERRORLEVEL!, tí cmd.exe ń kà nígbà tí ìlà bá ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ẹ má ṣe kọ SET ERRORLEVEL=0 láé. Iye tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ á bo ti cmd.exe mọ́lẹ̀, 0 ni %ERRORLEVEL% á sì máa sọ, bí ètò tilẹ̀ ń kú lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá fẹ́ kí fáìlì batch yín fi 0 sílẹ̀, láti ìgbà Windows 2000, EXIT /B 0 ló ń fi òfo parí fáìlì láì ti fèrèsé.